Orí Tí Yèyé Sin sí Òkè Afọ́n

Ejò tí wọ́n gbé wá fún Ìbíwùmí kò ní orí.

“Òun rèé o,” ni Akínrúlí wí. Ó tú ewé kókò tí wọ́n fi wé e sílẹ̀ lórí àpáta, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó gbé ẹ̀bùn wá. “A ti bá yín pa á. Ẹ kà á mọ́ àwọn yòókù, kí irin máa gòkè bọ̀.”

Akínrúlí ni olórí àgọ́ àwọn ará Etí Òkun. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, kò sì sí àwàdà tó lè sọ parí kí ẹ̀rín tirẹ̀ má kọ́kọ́ bà á jẹ́. Aṣọ tó fi pamọ́ de ọjọ́ ayọ̀ ló wọ̀ lónìí. Nísàlẹ̀ òkè, Agbẹ́lẹ̀ lóṣòó sórí ẹsẹ̀ irin rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó ń retí ọ̀rọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ̀rọ náà lè gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé fún gbogbo àgọ́, ṣùgbọ́n bí ọba mẹ́ta bá pè é, kò ní gbé ẹsẹ̀ kan àfi bí Asọlórúkọ bá fọhùn. Ìbíwùmí sì ni Asọlórúkọ. Obìnrin kúkúrú yìí, tó ń fi ṣíbí onígi wa ilẹ̀ kiri bí ọmọdé tó ń ṣeré, òun ni irin ń bẹ̀rù.

“Ekòló ti lórúkọ.” Akínrúlí ń ka ìka rẹ̀. “Ìkàn ti lórúkọ. Ọ̀kùn, àkekèé, gbogbo wọn ló ti lórúkọ, wọ́n sì ti kó ẹrù wọn.” Ó nawọ́ sí àwọn àpótí tí wọ́n lu níhò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí atẹ́gùn lè wọlé, tí wọ́n tò sábẹ́ igi. Inú wọn ni àwọn ẹ̀dá ilẹ̀ Òkè Afọ́n wà, tàwọn ti erùpẹ̀ wọn, wọ́n ń dúró de ọkọ̀ tó máa gbé wọn lọ sí igbó ìjọba. “Ẹni tó ti lórúkọ tẹ́lẹ̀ ló ṣeé ṣí nípò. Ẹni tuntun tí kò tíì lórúkọ ló ń gba ilẹ̀ mọ́ èèyàn lọ́wọ́. Ṣé irọ́ ni mo pa?”

“Ẹ ò purọ́, Bàbá.”

“Ejò sì ti lórúkọ láti ayé Nóà. Ó parí.”

Ìbíwùmí ti yí òkú náà padà, ó gbé ikùn rẹ̀ sókè. Ìpẹ́ abẹ́ ikùn ejò a máa fẹ̀, a máa tẹ̀lé ara wọn bí àkàbà. Ti èyí kéré wínníwínní, ó sì rí bákan náà pẹ̀lú ti ẹ̀yìn rẹ̀. Ó fi ìka tọ ìrù rẹ̀ lọ títí ó fi dé ibi tí ìrù náà ti gé rí, tí òmíràn ti hù níbẹ̀, tí àwọ̀ tuntun náà sì pọ́n ju ti àtijọ́ lọ. Ejò tí ìrù rẹ̀ bá gé, ó gé náà nìyẹn. Alángbá ni ìrù ń hù fún.

“Bàbá, ejò kọ́ nìyí. Alángbá ni.”

Akínrúlí wo ara gbọọrọ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. “Ẹsẹ̀ ẹ̀ dà?”

“Kò ní.”

“Alángbá tí kò lẹ́sẹ̀.” Ẹ̀rín ti ń gbé èjìká rẹ̀. “Ta ló wá yá ẹsẹ̀ ẹ̀ lọ?”

Ìbíwùmí yọ Adámọ̀ jáde nínú àpò. Ẹ̀rọ náà kò ju àwo obì lọ, ó ní ojú dígí kan, kò sì sí ẹ̀dá tó lórúkọ nílẹ̀ káàárọ̀-oò-jíire tí kò mọ̀. Ó gbé e lé òkú náà lórí.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá mi. Ẹ kú oòrùn,” ni Adámọ̀ wí. Àwọn tó ṣe é fi ìkíni kọ́ ọ ju bó ṣe yẹ lọ. Bí iná bá ń jó ilé, á kọ́kọ́ kí onílé pé ẹ kú ewu. “Mo ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ìyekan Aláìlójú Ọ̀sẹ̀ ni.”

Ìbíwùmí mọ Aláìlójú Ọ̀sẹ̀ dáadáa. Alángbá tí kò lẹ́sẹ̀ lòun náà, inú ilẹ̀ etí odò Ọ̀sẹ̀ ló ń gbé, awọ ti bo ojú rẹ̀ pátápátá, kò sì ní ihò etí. Ọ̀gá tó kọ́ Ìbíwùmí níṣẹ́ ló sọ ọ́ lórúkọ. Ó ti pọ̀ nínú igbó ìjọba, wọ́n sì lè gbé e láti ibì kan dé ibòmíràn.

“Ìyekan rẹ̀ ni, àbí òun fúnra rẹ̀?”

“Ẹ̀jẹ̀ ló ń sọ ìdílé, ìyá mi, ojú ló ń sọ ọmọ. Ẹ fi orí rẹ̀ hàn mí. Bó bá ní ìpéǹpéjú, tó ní ihò etí, ẹni tuntun ni.”

“Kò ní orí.”

“Bí kò bá ní orí, orúkọ ìyekan rẹ̀ ni òfin ní kó máa jẹ́. Ṣé kí n gbà á bẹ́ẹ̀?”

Akínrúlí fọwọ́ gbá itan. “Gbà á bẹ́ẹ̀! Ẹ̀rọ yìí gbọ́n ju ẹlòmíì lọ.”

“Dúró ná,” ni Ìbíwùmí wí fún Adámọ̀, ó sì yíjú sí ọkùnrin náà. “Bàbá, orí ẹ̀ dà?”

“Wọ́n ti sin ín. Ṣé ìwé ti mú yín gbàgbé ilé ni? Ta ló ń pa ejò tí kì í gé orí ẹ̀ sin, kí eyín ẹ̀ má bàa gún ọmọ ọlọ́mọ lẹ́sẹ̀?”

Kò gbàgbé. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ ọ: gé e, sin ín, tẹ ilẹ̀ mọ́ ọn, má sì padà síbẹ̀. Ara Etí Òkun kan ò jẹ́ fi orí ejò sílẹ̀ ní gbangba. Àṣà rere ni, ó ti gba ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ là. Òun náà ló wá sin ẹ̀rí òní sínú ilẹ̀.

“Ta ló pa á?”

“Ta ni ẹ rò?” Akínrúlí rẹ́rìn-ín. “Yèyé yín ni. Igi kan péré ló fi nà án.”

Ẹ̀rín kò wá sí Ìbíwùmí lẹ́nu. Yèyé Ọmọ́tẹ́yìnwá ni ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, òun ló sì tọ́ ọ, nítorí omi ti gbé ìyá rẹ̀ lọ ní ọdún tí òkun gba Etí Òkun. Kì í ṣe pé kò sí ọkọ̀ ìgbàlà lọ́dún náà. Ọkọ̀ wà. Ṣùgbọ́n ẹnì kan tó jókòó sínú ọ́fíìsì tó tutù ti wo àwòrán ilẹ̀, ó rí ìlú méjì létí omi tí òrùlé wọn jọra, ó ní ìlú kan náà ni, ó pe méjèèjì ní Ẹrúnà. Ọkọ̀ dé Ẹrúnà, ó kó àwọn ará Ẹrúnà, ó yípadà. Àwọn ará Etí Òkun dúró lórí òrùlé, wọ́n ń ju aṣọ, títí ilẹ̀ fi ṣú.

Láti ìgbà náà ni àwọn tó kù ti ń gbé lórí pèpéle tó léfòó lójú ọ̀sà. Ibùsùn ń mì, ìkòkò ọbẹ̀ ń mì. Ẹni tó bá kú, omi ni wọ́n ń sin ín sí, tó bá sì di ọjọ́ kejì, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó wà. Ohun kan ṣoṣo ni Yèyé ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run: ilẹ̀ tí kì í rìn, tí wọ́n lè sin òun sí, tí ọmọ lè dé ibẹ̀ kó tọ́ka pé ibí ni Yèyé wà. Nígbà tí ìjọba fún wọn ní Òkè Afọ́n, Yèyé sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú.

Yèyé ń hun ẹní lábẹ́ igi afọ́n nígbà tí Ìbíwùmí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ti fi okùn pa ilẹ̀ tirẹ̀ láàlà láti ọjọ́ tí wọ́n ti pín in fún un. Okùn kan yí pálọ̀ ká, òmíràn yí yàrá ká, òmíràn yí ilé ìdáná. Lábẹ́ igi gan-an, okùn kan wà tó yí ilẹ̀ gbọọrọ kékeré kan ká, ẹnikẹ́ni kò sì béèrè ohun tó wà fún.

“Gba ẹnu ọ̀nà wọlé,” ni Yèyé wí. “O fẹ́ la ògiri mi kọjá.”

Ìbíwùmí padà, ó gba ibi tí ilẹ̀kùn máa wà, ó kúnlẹ̀. “Ẹ kú iṣẹ́, Yèyé.”

“Ìbí, káàbọ̀. Irin ò tíì gòkè?”

“Kò tíì gòkè. Yèyé, ejò tí ẹ pa yẹn, níbo lẹ sin orí ẹ̀ sí?”

Ọwọ́ Yèyé kò dúró lórí ẹní náà. “Kí lo fẹ́ fi ṣe?”

Ìbíwùmí kì í purọ́ fún un, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní alángbá ni, ó ní orí náà ló máa sọ bóyá ẹni tí wọ́n ti mọ̀ ni àbí ẹni tuntun. Bó bá jẹ́ ẹni tí wọ́n ti mọ̀, wọ́n á gbé e lọ, ilé á bẹ̀rẹ̀ lónìí.

“Bó bá jẹ́ ẹni tuntun ńkọ́?”

“Ibi tí a bá ti kọ́kọ́ sọ ẹni tuntun lórúkọ, ilẹ̀ ibẹ̀ á di tirẹ̀. Irin ò ní wọ Òkè Afọ́n mọ́ láéláé.”

“Bí o ò bá rí orí náà?”

“Orúkọ ìyekan ẹ̀ ló máa jẹ́. Irin á gòkè.”

Yèyé fa koríko ẹní kan yọ, ó wò ó, ó tún kì í bọ inú ẹní náà. “Mo ti gbàgbé ibi tí mo sin ín sí,” ló wí. “Àgbà ti dé.”

Ayọ̀ bo Ìbíwùmí. Ó ti béèrè, wọ́n sì ti dá a lóhùn. Kí ni Asọlórúkọ tún lè ṣe? Ó dìde, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó padà sórí àpáta. Kó tó débẹ̀, ìtìjú ti lé ayọ̀ náà bá. Yèyé yìí kan náà ló rántí orúkọ gbogbo ẹni tó wà lórí òrùlé lọ́jọ́ náà, àti ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni. Òun kọ́ ló máa gbàgbé ibi tó sin nǹkan sí lánàá.

“Ẹ kú àbọ̀, ìyá mi,” ni Adámọ̀ wí. “Ṣé kí n gbà á bẹ́ẹ̀?”

Akínrúlí ti dìde dúró, ó ti tún kọ́là aṣọ rẹ̀ ṣe. Ní ìsàlẹ̀, àwọn obìnrin àgọ́ ti ń kó ìkòkò wọn sórí. Kò sí ohun tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀ láyé: ọ̀rọ̀ kan péré, ẹ̀rọ ti gbà, òfin ti gbà, kò sì sẹ́ni tó máa bi í léèrè láéláé. Ó la ẹnu. Ìlú méjì tí òrùlé wọn jọra ló wá sí i lọ́kàn, àti ẹnì kan nínú ọ́fíìsì tó tutù. Ẹni náà lè má jẹ́ ìkà. Ó lè jẹ́ pé ó rẹ̀ ẹ́ ni, tó fẹ́ tètè lọ sílé.

“Má tíì gbà á,” ló wí. “Mo ń lọ wá orí ẹ̀.”

Ẹ̀rín kúrò lójú Akínrúlí. Láti ọjọ́ tí Ìbíwùmí ti gba oyè, “ẹ” ló ń pè é, nítorí iṣẹ́ ìjọba; “ìwọ” ló padà sí báyìí. “Ìbíwùmí,” ó ní, “ṣé orí ẹ pé ṣá? Òjò ti fẹ́ dé. Àwọn ọmọ ń wúkọ́ lórí omi. Ta ni alángbá jẹ́ sí ẹ?”

“Mi ò tíì mọ̀, Bàbá. Ohun tí mo ń wá nìyẹn.”

Ó padà sórí ilẹ̀ Yèyé, ó gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ó kúnlẹ̀ sínú pálọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣíbí onígi tú ilẹ̀. Yèyé ń wò ó. Nígbà tó tú pálọ̀ tán, ó bọ́ sí yàrá. Ó tú ibi tí ibùsùn máa wà. Ó tú ilé ìdáná, ó tú ibi tí ààrò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa jókòó sí, omijé sì ń kán sínú erùpẹ̀ náà láìdáwọ́ dúró. Gbogbo ilé náà ló tú, àfi ilẹ̀ gbọọrọ kékeré abẹ́ igi. Ibẹ̀ nìkan ni kò lè fi ọwọ́ kàn. Akínrúlí ti tẹ̀lé e débẹ̀, ó dúró lóde okùn, kò wọlé.

“Kì í ṣe ibẹ̀,” ni Yèyé wí.

Ìbíwùmí gbójú sókè. Yèyé ti gbé ẹní sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó mú ìkarahun òkun ńlá kan lọ́wọ́, èyí tó fi ń bu iyọ̀ láti Etí Òkun títí dòní, ó rọra bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ igi afọ́n, nínú okùn kékeré yẹn, ó sì fi í wa ilẹ̀. Kò wà á jìn kó tó kàn án.

“Ibi tó wà nígbà tí mo pa á nìyí,” ó ní. “Mo ń ro ilẹ̀ ibi tí wọ́n máa sin mí sí lọ́wọ́ ni. Nígbà tí mo gé orí ẹ̀, mo gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ kí n tó sin ín. Ó ti pajú dé, Ìbí. Bó o ṣe máa ń pajú dé lórí itan mi, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣe pajú dé. Mo ti pa ejò tó pọ̀ láyé mi. Ejò kì í pajú dé.”

“Ẹ ní ẹ ti gbàgbé.”

“Mo fẹ́ gbàgbé ni.”

Ó gbé ìkarahun náà lé Ìbíwùmí lọ́wọ́. Orí kékeré náà wà nínú rẹ̀, ó ti gbẹ díẹ̀. Ìpéǹpéjú méjèèjì pa dé bí ti ẹni tó ń sùn. Lẹ́yìn ẹ̀rẹ̀kẹ́, ihò etí kan wà tí kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Ìbíwùmí wò ó títí. Ó ti rí orí Aláìlójú Ọ̀sẹ̀ tó pọ̀, tó dán bọ̀rọ́ bí èékánná. Èyí rí ayé kó tó kú.

“Yèyé!” Akínrúlí ké jáde. “Ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ṣe? Ẹ lè dákẹ́!”

“Mo lè dákẹ́,” ni Yèyé wí. Ohùn rẹ̀ kò le. “Akínrúlí, ìwọ náà wà lórí òrùlé. Wọ́n pè wá ní ará Ẹrúnà, ìyá ọmọ yìí sì lọ sínú omi. Èmi ò ní fi ẹnu ara mi pe ẹlòmíì ní ará Ẹrúnà.”

Akínrúlí jókòó sórí ilẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tó fi pamọ́ de ọjọ́ ayọ̀.

Ìbíwùmí gbé Adámọ̀ wá, ó fi orí náà hàn án. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ̀rọ náà gbàgbé láti kíni. “Ìpéǹpéjú wà,” ó ní. “Ihò etí wà. N kò mọ̀ ọ́n rí. Òmíràn sì ń rìn lọ lábẹ́ gbòǹgbò igi tí ẹ jókòó tì. Mo ń gbọ́ ọ. Ta ló kọ́kọ́ rí i? Òfin ní kí ẹni náà sọ ọ́ lórúkọ.”

Ìbíwùmí tú ìgò oyin tí gbogbo Asọlórúkọ ń gbé sápò, ó nà án sí Yèyé.

“Èmi tí mo pa á?”

“Ẹ̀yin náà ni, Yèyé.”

Yèyé kán oyin sílẹ̀, sínú ihò tó fi ìkarahun gbẹ́. Ó gbé ọwọ́ lé ilẹ̀ náà, ó fi í síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni tó ń wádìí bóyá ara ọmọ ń gbóná.

“Dúrósinmí,” ó ní.

Orúkọ tí wọ́n ń sọ ọmọ tó bá ń kú tó ń padà wá ni, orúkọ ẹ̀bẹ̀. Adámọ̀ pè é lẹ́ẹ̀kan, ó pè é dáadáa, pẹ̀lú gbogbo ohùn rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ òkè, Agbẹ́lẹ̀ nà ró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó yíjú padà, ó sì ń lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Àwọn obìnrin àgọ́ sọ ìkòkò wọn kalẹ̀, wọ́n ń wò ó.

“Òjò ń bọ̀,” ni Akínrúlí wí nígbà tó yá. “Níbo ni a máa kó àwọn ọmọ sí?”

“Irin ni òfin lé, kò lé èèyàn. Ta ló fi irin kọ́lé fún wa ní Etí Òkun?” Yèyé ń tú okùn pálọ̀ rẹ̀. “Igi la fi gbé ilé dúró lórí omi. Àpáta yìí ò sì rọ̀ tó omi.”

“Yóò pẹ́.”

“A ti pẹ́ rí.”

Akínrúlí mi orí. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìyẹn, Ìbíwùmí rí i tó ń fi ojú wọn àpáta náà láti etí kan dé èkejì, bí àwọn ará Etí Òkun ṣe máa ń fi ojú wọn ọ̀sà kí wọ́n tó kọ́lé.

Yèyé ti tú okùn yàrá, ó ti tú ti ilé ìdáná. Ó kù ti abẹ́ igi. Ìbíwùmí kò fẹ́ béèrè, ó sì béèrè.

“Ibi tiyín ńkọ́, Yèyé? Òfin ti dé bá ilẹ̀ yìí. Irin ò lè wọ̀ ọ́ mọ́.”

Yèyé kò tú okùn náà. Ó gbá erùpẹ̀ kúrò lára ìkarahun òkun náà, ó fi etí aṣọ nù ún títí ó fi dán, ó sì dì í mọ́ Ìbíwùmí lọ́wọ́.

“Ìkarahun kì í ṣe irin,” ó ní. “Tọ́jú ẹ̀.”